Ìdérí Ojú Kejì

Igbe ni ọkọ mi kọ́kọ́ ké mọ́ mi. Kò kí mi, kò béèrè ẹni tí mo jẹ́, ó kàn figbe ta láti inú òkùnkùn bíi pé mo gbé ejò wọlé.

"Ẹ pa á! Ẹ pa á kíá!"

Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀, mò ń wá ohun tí mo máa pa. N ò mọ̀ pé iná fóònù ọwọ́ mi ló ń wí. Kí n tó gbọ́n, ọkùnrin kan ti fò dìde, ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì, ó sì kẹ̀yìn sí mi gbọin bí ẹni tó ń fi ara bo ọmọ lọ́wọ́ òjò. Nígbà tí mo wá pa fóònù náà, òkùnkùn yẹn dúdú débi pé n ò rí ọwọ́ ara mi. Àwa méjèèjì kàn ń mí gúlegúle.

"Ẹ má bínú," ohùn náà sọ, ó ti rọ̀ wàyí. "Ẹ̀rù ló bà mí. Àwọn ojú ẹ̀rọ yìí, ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe wọ́n láti máa rí. Iná fóònù yín lè fọ́ wọn lójú pátápátá."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ìgò ni wọ́n ní kí n gbé wá."

"Ìgò? Áà! Ṣé ẹ̀yin ni Alásè?"

Bí mo ṣe mọ̀ pé wọ́n ti fún mi lórúkọ níbi iṣẹ́ nìyẹn. Èmi náà sì ti gbọ́ orúkọ tiẹ̀ kí n tó pàdé rẹ̀. Òwìwí ni gbogbo wọn ń pè é, torí inú òkùnkùn ló ń jókòó sí ní ọ̀sán gangan.

Orúkọ tí wọ́n fún mi ò kúkú jìnnà sí òtítọ́. Òróró ni mò ń gbé kaná nínú ìgò ribiti, á gbóná janjan, n óò wá fi abẹ́rẹ́ rọ kẹ́míkà sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lójú mi báyìí ni òróró tó mọ́ gaara yẹn á ṣe dà bí omi ọsàn, lẹ́yìn náà á máa pọ́n bọ̀. Àsìkò wà tí mo gbọ́dọ̀ gbé e kúrò lórí iná, bí mo bá pẹ́ díẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ohun tó wà nínú òróró náà ni à ń pè ní hóró, ó sì kéré débi pé àìmọye rẹ̀ lè jókòó sórí ṣóńṣó abẹ́rẹ́ kí àyè ṣì ṣẹ́ kù. Bí a bá tan iná lésà sí hóró kan, á tu ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan jáde, á sinmi, á tún tu òmíràn. Irú ìmọ́lẹ̀ ẹlẹ́yọ-ẹyọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ àṣírí ránṣẹ́ ń wá kiri, torí kò sí olè tó lè yọ ẹyọ kan wò lójú ọ̀nà kí àwọn tó ni ín má fura.

Iṣẹ́ ti Òwìwí ni láti mọ̀ bóyá ẹyọ kan ló ń jáde lóòótọ́. Ó ní jígí kan tó ń la ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ náà sí méjì, ojú ẹ̀rọ kan ń ṣọ́ ọ̀nà kan, ojú kejì ń ṣọ́ èkejì. Ẹyọ kan ò lè gba ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, bí ojú méjèèjì bá ń rí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ ṣáá, a jẹ́ pé kì í ṣe ẹyọ kan ló ń jáde. Bí wọn kì í bá jọ rí i, ẹyọ kan ni. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá mi, tó ti bá wọn fọ ìgò níbi iṣẹ́ yẹn rí nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, máa ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ọmọ mi ń gbé òróró kaná láti àárọ̀ dalẹ́, n ò sì tíì rí ohun tí wọ́n dín níbẹ̀ jẹ."

Bàbá mi ni ọ̀gá àgbà wa. Ọ̀gá ni èmi náà ń pè é níbi iṣẹ́, ilé nìkan ló ti ń di bàbá mi. Ọkùnrin tó le ni. Lókè ibi tí mo ti ń gbé òróró kaná, àjà ibẹ̀ jó dúdú, ó fẹ̀ tó ẹní, bàbá mi ò sì jẹ́ kí wọ́n kùn ún. Gbogbo òṣìṣẹ́ tuntun ló máa ń mú débẹ̀, á na ìka sókè. "Ṣé ẹ rí i? Wáyà tí ẹnì kan ò so dáadáa ló ṣe èyí, kí n tó di ọ̀gá. Ẹni tó bá ń gbàgbé nǹkan ò láyè lọ́dọ̀ mi!" Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn débi pé mo lè kà á lójú oorun.

Láti ọjọ́ igbe yẹn, Òwìwí ṣe òfin kan nítorí mi. Bí mo bá kan ilẹ̀kùn, á fi ìdérí rọ́bà dúdú méjì bo ojú ẹ̀rọ méjèèjì, kó tó ní, "Ẹ wọlé." Bí mo bá ti ti ilẹ̀kùn, tí aṣọ dúdú ẹnu ọ̀nà náà ti wálẹ̀, á ṣí wọn, á gbé ìdérí kọ̀ọ̀kan lé orí tábìlì. Kó, kó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń gbọ́ ọ. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ìgò ni mo gbé wá, ó yẹ kí n ti máa lọ.

A máa ń sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn náà. Nǹkan téèyàn ò lè sọ lójú ìmọ́lẹ̀, ó máa ń rọrùn níbẹ̀. Mo sọ fún un pé ẹ̀rù òróró gbígbóná ṣì ń bà mí. Ó sọ fún mi pé òun kì í lè sùn bí iná bá ń tàn lójú pópó. Mo mọ ohùn rẹ̀, mo mọ ìka rẹ̀ tó máa ń gba ìgò lọ́wọ́ mi, n ò mọ ojú rẹ̀. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni.

Lọ́jọ́ kan, mò ń lọ lọ́dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́, ọkùnrin kan tó létí gbàgẹ̀dẹ̀, tó ní èjí lẹ́nu, ń bọ̀ níwájú. Mo yà fún un kó kọjá. Ló bá ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Alásè."

Ìgò fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ohùn tí mo ti ń gbé lọ sùn látọjọ́ yìí, etí gbàgẹ̀dẹ̀ yìí ló ni ín! Ó rí i pé ẹnu yà mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ṣé mo já yín kulẹ̀ ni?"

"Rárá o," mo ní. "Mo rò pé ẹ ga jù báyìí lọ ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, nítorí inú mi dùn pé èmi ni mo pa á lẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sígbà náà ló bi mí nínú òkùnkùn bóyá màá fẹ́ òun. Mo ní kó fún mi láyè kí n ronú, kó sì wá ẹni tó máa bá bàbá mi sọ ọ́, torí èmi ò láyà ẹ̀. Ó lọ bá Àǹtí, àbúrò bàbá mi obìnrin. Aránṣọ ni Àǹtí, òun ló rán aṣọ dúdú ẹnu ọ̀nà yàrá òkùnkùn náà.

"Háà!" Àǹtí pariwo nígbà tó gbọ́. "Èmi rán aṣọ kí ìmọ́lẹ̀ má bàa wọlé. N ò mọ̀ pé ìfẹ́ ń gba abẹ́ ẹ̀ kọjá! Ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Kí n kọ́kọ́ lọ wádìí ẹ̀ níbi tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀."

Ó lọ. Ìgbà tó máa padà sí pálọ̀ wa, ọwọ́ lórí ló fi wọlé.

"Bùrọ̀dá mi, ẹ jókòó. Ṣé ẹ ti jókòó? Ayédèrú ni!"

"Ta ni ayédèrú?" bàbá mi béèrè.

"Òwìwí! Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ fẹnu ara ẹ̀ sọ fún mi. Ó ní èsì tí ọmọkùnrin yẹn gbé jáde lọ́dọ̀ àwọn, irọ́ ni, ó sì kó ìtìjú bá gbogbo wọn níwájú àlejò. Ìdí tí wọ́n fi lé e nìyẹn."

Ìyá mi wò mí. Bàbá mi bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

"Ẹni tó ń purọ́ nínú iṣẹ́ ìwádìí," ó ní, "kì í ṣe inú ilé mi ló ti máa rí ìyàwó."

Lọ́jọ́ kejì, mo bi Òwìwí. Mo ti pinnu pé n ò ní sunkún, mo sì sunkún.

"Wọ́n ní mo purọ́," ó ní. "N ò purọ́. Mo ṣe àṣìṣe, mo sì sọ ọ́." Mo dúró kó ṣàlàyé, ó kàn ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ nínú òkùnkùn, mò ń gbọ́ ọ. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ọ̀gá tí n ò mọ̀ rí, àbí ohùn tí n ò lè gbàgbé? Mo pa dà sídìí òróró mi, ọjọ́ yẹn ni mo jẹ́ kó pẹ́ jù lórí iná, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́.

Ìyá mi ló bá wa rọ bàbá mi títí ó fi sọ ọ̀rọ̀ kan. "Ó dáa. Kò sẹ́ni tó tíì fi hàn mí pé hóró wa ń tu ìmọ́lẹ̀ lẹ́yọ-ẹyọ. Bí ọmọkùnrin yẹn bá fi hàn mí, tí mo fi ojú ara mi rí i, màá gbà pé ó mọṣẹ́, màá sì kó ọ̀rọ̀ mi jẹ."

Ọjọ́ tí bàbá mi máa wá wò ó pé. Mo gbé hóró tó dáa jù lọ nínú gbogbo èyí tí mo ti sè lọ. Mo ti fi kẹ́míkà là á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo sì ti kán an sórí jígí pẹlẹbẹ kan, kí hóró kọ̀ọ̀kan lè dá jókòó lórí rẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn, ó bo ojú ẹ̀rọ, mo wọlé. Ó gbé jígí náà sáyè rẹ̀, a pa iná, aṣọ dúdú wálẹ̀.

"Alásè," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín kí Ọ̀gá tó dé. Bí hóró yín ò bá ṣe dáadáa lónìí, n ò ní sọ pé ó ṣe dáadáa o. Bí ó bá tiẹ̀ jẹ́ pé màá pàdánù yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Mo gbọ́ bó ṣe ń ṣí ojú àkọ́kọ́. Kó. Èmi náà ò sì lè mú un mọ́ra mọ́.

"Ohun tó o bi mí níjọ́sí," mo ní, "mo gbà. Màá fẹ́ ẹ."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa pè é ní "o" nìyẹn. Mo gbọ́ tó ń wá ọwọ́ mi kiri lórí tábìlì, ó rí i, ó dì í mú ṣinṣin. Bàbá mi kan ilẹ̀kùn. Ìdààmú bá wa bí ẹni tó jí ẹran lọ́bẹ̀. Òwìwí ní kí wọ́n wọlé kíá, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó ká aṣọ dúdú sókè, kí wọ́n má sì tan iná.

Ó tan lésà. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló gbé sí ojú kọ̀ǹpútà kí ó lè rọrùn fún bàbá mi, ìyẹn iye ìgbà tí ojú méjèèjì jọ rí ìmọ́lẹ̀. A dúró. Òdo. A tún dúró. Òdo. Bàbá mi súnmọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́ kan kọ̀ǹpútà náà.

"Òdo?" ó ní. "Wọn ò jọ rí i rárá? Kódà lẹ́ẹ̀kan péré?"

"Òdo ni, sà," Òwìwí dáhùn, ohùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ kún fún ìyàlẹ́nu.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa á ti máa bú wa níbi tó jókòó sí. Òdo tó mọ́ tónítóní bẹ́ẹ̀ kì í wáyé, ìmọ́lẹ̀ àjèjì díẹ̀ máa ń yọjú dandan. Ó yẹ kí n mọ̀, ó yẹ kí Òwìwí mọ̀, ó yẹ kí bàbá mi gan-an mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tá a fẹ́ gbọ́ la gbọ́ yẹn. Bàbá mi, tí n ò rí i kó dì mọ́ ẹnikẹ́ni rí, dì mọ́ Òwìwí nínú òkùnkùn títí nǹkan kan fi já bọ́ lórí tábìlì. Nígbà tá a jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ mú ọjọ́," ó ní. "Ẹ mú ọjọ́ ìgbéyàwó yín."

Ó ránṣẹ́ sí àwọn àlejò tó ti ń fẹ́ lo hóró wa tipẹ́, pé kí wọ́n máa bọ̀ wá wò ó. Ó ti yàrá òkùnkùn náà pa, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀ títí wọ́n á fi dé. Èmi nìkan ló fún ní kọ́kọ́rọ́ nígbà tí ọjọ́ wọn kù sí dẹ̀dẹ̀, kí n lọ nu eruku.

Ẹ̀rọ ti wà ní pípa, nítorí náà mo tanná. Mo ń kọrin. Mo nu tábìlì, mo dé ìdí ẹ̀rọ, orin sì kú lẹ́nu mi.

Ìdérí kan wà lórí tábìlì. Ìdérí kejì wà lójú kejì, ó bò ó pinpin.

Mo kọ́kọ́ sọ fún ara mi pé lẹ́yìn tá a ṣe tán ló bò ó. Kí ló wá dé tí kò bo èkejì? Ni mo bá rántí. Kó. Ẹyọ kan ni mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn. N ò gbọ́ èkejì.

Ojú tí wọ́n bò mọ́lẹ̀, báwo ni òun àti èkejì ṣe fẹ́ jọ rí nǹkan? Òkúta la ì bá gbé síwájú ẹ̀rọ náà, òdo náà ni ì bá sọ! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ Àǹtí ń ké lọ́kàn mi: ayédèrú ni, ayédèrú ni. Àbí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é? Àbí ọwọ́ tó di tèmi mú ṣinṣin yẹn, irọ́ ni? Mo tún wo ìdérí náà. Ìka méjì péré ló gbà láti yọ ọ́ kúrò, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Mo na ọwọ́ sí i. Mo ká ọwọ́ mi kò.

Mo pè é. Nígbà tó dé, n ò sọ nǹkan kan, mo kàn nàka. Ó wò ó. Mo ń wo ojú rẹ̀ lábẹ́ iná, mo ń ṣọ́ ọ bí olè. Ojú náà ṣá lẹ́ẹ̀kan náà, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó wá rọra wálẹ̀ títí ó fi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ṣé o mọ̀?" mo bi í.

"Yéè, èmi!" ó ní. "Yéè!" Èèyàn ò lè fi irú ojú bẹ́ẹ̀ ṣe àrékérekè. Ìtura tó bá mi pọ̀ débi pé n ò tètè rí i pé ó ti ń dìde. "Mò ń lọ bá Ọ̀gá."

Mo fa ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Dúró! Jẹ́ kí àwọn àlejò kọ́kọ́ lọ. Jẹ́ ká ṣègbéyàwó. Lẹ́yìn náà a ó jọ sọ ọ́, èmi àti ìwọ."

Ó wò mí bíi pé mo gbá a létí. "Ohun tí ọ̀gá mi àtijọ́ sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn. 'Dúró, kí àlejò kọ́kọ́ lọ.' Èmi ni mo rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ ara mi, mo sì sọ ọ́ lójú àlejò torí òun ò fẹ́ kí n sọ ọ́. Ìyẹn ni wọ́n fi pè mí ní ayédèrú."

Ìtìjú bò mí. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo tẹ̀ lé e dé ọ́fíìsì bàbá mi. Ó sọ gbogbo rẹ̀ ní ìdúró. Bàbá mi ò pariwo, ì bá sàn kó pariwo.

"Kí ló gbà ọ́ lọ́kàn?" ó béèrè. "Ọjọ́ tó ṣe pàtàkì jù láyé rẹ, o gbàgbé láti ṣí ojú ẹ̀rọ. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Òwìwí yíjú sí mi díẹ̀, ó tún wo ilẹ̀. "N ò lè sọ ọ́, sà."

"O ò lè sọ ọ́! Àǹtí ọmọ yìí sọ fún mi, mo kọ etí dídi. Jáde. Kò sí ìgbéyàwó mọ́, kò sì síṣẹ́ mọ́ bákan náà."

Èmi tí mo mọ ìdí rẹ̀, ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ó jáde, ó kọjá lára mi, kò fọwọ́ kàn mí.

Ilé ni ìyá mi ti bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, mo dojú bolẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìdérí, ohun tí Òwìwí sọ nípa ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, kó kan ṣoṣo tí mo gbọ́, bó ṣe jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sí ojú kejì gan-an ni mo sọ pé mo gbà, àti bó ṣe kọ̀ láti dá mi lẹ́bi lójú bàbá mi. Mo rò pé á rẹ̀ mí lẹ́kún. Ṣùgbọ́n ńṣe ló dìde dúró, ojú rẹ̀ yí padà, n ò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

"Wọ bàtà ẹ," ó ní. "Pe Òwìwí kó bá wa níbi iṣẹ́ yín. Sọ pé ìyá ẹ ló ní kó wá."

Ìyá mi ò tẹsẹ̀ bọ ibi iṣẹ́ náà láti ìgbà tó ti fiṣẹ́ ìgò fífọ̀ sílẹ̀. Kò sì béèrè ọ̀nà. Ó lọ tààrà sínú yàrá òróró mi, ó dúró lábẹ́ àjà tó jó, ó gbójú sókè.

"Áà," ó ní jẹ́jẹ́. "Wọn ò tíì kùn ún."

Ó ní kí n pe bàbá mi. Bàbá mi wọlé, ó rí Òwìwí, ó fẹ́ bínú. Lẹ́yìn náà ló wá rí ìyá mi, ó rí ibi tó ń wò. Ó dúró sójú kan.

"Bàbá ọmọ mi," ìyá mi ní, "ẹ sọ fún àwọn ọmọ yìí ohun tó jó àjà."

"Wáyà ni. Gbogbo ayé ló mọ̀."

"Wáyà!" Ìyá mi pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́. Ọkùnrin tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí gbé òróró kaná níbí, ó wá bá mi nídìí ìgò tí mò ń fọ̀, ó ní ṣé màá fẹ́ òun. Mo ní mo gbà. Ó dúró síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọwọ́, òróró sì gbiná! Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò pa ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ọ̀gá wọn béèrè, ó ní wáyà ni. Mo sì bò ó láṣìírí títí di òní, torí pé ọkọ mi ni."

Ẹnu mi là sílẹ̀. Mo wo àjà, mo wo bàbá mi. Ìka tó máa ń nà sókè sí gbogbo òṣìṣẹ́ tuntun yẹn, ó ti ká a sínú àpò.

"Ọmọ ẹni ẹlẹ́ni gbàgbé ìdérí lọ́jọ́ tí ọmọ yín sọ pé òun gbà," ìyá mi ní, "kò sì jẹ́ sọ ọ́, kí ẹ má bàa bá ọmọ yín wí. Òun tó sọ òtítọ́ lẹ̀ ń lé jáde? Ẹ gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, ẹ ò gbọ́ tẹnu tiẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà."

Bàbá mi fi ìdí lé àga. Ó yíjú sí mi. "Ṣé lóòótọ́ ni?"

"Lóòótọ́ ni, bàbá mi," mo ní. N kò pè é ní Ọ̀gá.

Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí Òwìwí. "Lọ ṣí ojú méjèèjì."

Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la wọ yàrá òkùnkùn náà. Aṣọ Àǹtí wálẹ̀. Kó. Mo dá èémí dúró. Kó. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú, mò ń sunkún. Lésà tàn, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Lójijì, hóró náà kú. Hóró máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, á tàn, á kú fúngbà díẹ̀, á tún jí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa sọ bẹ́ẹ̀ fún àyà mi lásìkò yẹn. Ó pẹ́ kó tó jí. Nígbà tó jí, bàbá mi ló kọ́kọ́ mí kanlẹ̀.

Òwìwí ka èsì náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀rọ̀. "Kì í ṣe òdo, sà. Níbi tí ojú méjèèjì ì bá ti jọ rí ìmọ́lẹ̀ lásán nígbà ọgọ́rùn-ún, ìgbà mẹ́jọ ni wọ́n jọ rí tiwa. Àádọ́ta ni ààlà, mẹ́jọ sì kéré jìnnà sí i. Ẹyọ kan ló ń jáde. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òdo."

"Mẹ́jọ," bàbá mi ní nínú òkùnkùn. "Mẹ́jọ yìí ni mo gbà gbọ́." Lẹ́yìn náà ló wá fi kún un pé, "Ọmọ mi, má bínú." Títí dòní, n ò mọ èwo nínú àwa méjèèjì ló ń bá sọ̀rọ̀.

Àwọn àlejò náà dé. Bàbá mi mú wọn yíká, gbogbo òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ lé wọn, Àǹtí náà wá nítorí aṣọ rẹ̀. Ìyá mi wà lẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí wọ́n dé yàrá òróró mi, àlejò kan gbójú sókè, ó béèrè ohun tó jó àjà. Gbogbo wa tá a ti mọ orin náà lákọ́sórí ti ń dúró dè é. Bàbá mi na ìka sókè, ó lanu.

"Wá..." ó ní. Ó sì dákẹ́. Ó wo Òwìwí. Ó wò mí.

"Èmi ni mo jó o," ó ní. "Mo gbàgbé òróró lórí iná. Obìnrin kan ló sọ fún mi pé òun gbà."

Ẹnu ya gbogbo àlejò. Ẹnu ya àwọn òṣìṣẹ́ ju àlejò lọ, Àǹtí sì káwọ́ lérí. Ìyá mi nìkan ni ẹnu ò yà. Ó ń wo ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí ọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kó wá fẹ́ òun.